Kámẹ́rà Kọ́ Ló Ṣẹ̀: Ẹ Yé Ya Àwọn Eléré Wa Bí Òjìji

Ẹ ṣí WhatsApp yín. Ẹ wá status ẹnikẹ́ni tó lọ wo ìdíje tẹnísì orí tábìlì tàbí fọlibọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ní Ọ̀wọ̀ níbí, ì báà jẹ́ ní Ifọ̀n tàbí Ìdóàní. Ẹ ó rí àwọn àlejò pàtàkì lórí ìjókòó. Ojú wọn mọ́ kedere, aṣọ wọn ń dán, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike omi tó wà níwájú wọn. Ẹ ó rí ife ẹ̀yẹ. Ẹ ó rí báńà. Lẹ́yìn náà, ẹ ó rí òjìji kan tó na apá sókè, tí ojú rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ pa rẹ́ lójú pátákó. Òjìji yẹn ni eléré ìdárayá. Òun gan-an sì ni gbogbo èrò torí ẹ̀ wá.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ya á léèrè pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: “Kámẹ́rà mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.” Mo ń sọ ọ́ gbangba níbí pé irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lè ya eléré nínú gbọ̀ngàn kí ojú rẹ̀ mọ́, kí òógùn iwájú orí rẹ̀ hàn, kí bọ́ọ̀lù sì dúró sójú kan. Ohun tí a ò ní ni sùúrù láti kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń laágùn lórí pápá.

Àwọn kan á ní kí ni mo wá ń pariwo fún, ṣebí fọ́tò lásán ni. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹni tó ń ṣe ND ní ọdún méjì péré. Ẹni tó wà ní yunifásítì ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá fà á gùn. Láàárín ìgbà yẹn, ó lè lọ sí NIPOGA tàbí NUGA lẹ́ẹ̀kan, bí orí bá sì gbè é, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó ti jáde. Ó lọ sin ìlú, ó ń wáṣẹ́, ó gbé ilé, ó bímọ. Kí ló kù? Mẹ́dàlì tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn á dípẹtà. Jásì rẹ̀ á gbó. Fọ́tò ló kù. Bí fọ́tò náà bá jẹ́ òjìji, a ti pa ìtàn ẹni náà rẹ́ nígbà tó ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe ìrántí nìkan. Ẹni tó ń wá onígbọ̀wọ́, ẹni tó fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun fún òun ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré ìdárayá, ẹni tí oníròyìn fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, gbogbo wọn ló máa nílò fọ́tò tí ènìyàn lè tẹ̀ jáde. Aruna Quadri, ọmọ ìlú Ọ̀yọ́, dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú tẹnísì orí tábìlì ní Òlíḿpíìkì ìlú Rio lọ́dún 2016, ará Áfíríkà kankan ò sì tíì dé ibẹ̀ rí kó tó débẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn kan níbí, àwa sì ń ya báńà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà, kí a má bàa máa fi ẹnu lásán jà. Bọ́ọ̀lù tẹnísì orí tábìlì fẹ̀ ní mìlímítà 40. Ọdún 2000 ni wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, 38 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ká ní eléré kan gbá a, ó sì ń lọ ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kì í ṣe ohun ìyanu lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Bí shutter kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, tí a ń kọ ní 1/60, bọ́ọ̀lù náà á ti rin sẹ̀ǹtímítà 33 kí shutter tó padé. Ohun tí ẹ ó rí nínú fọ́tò ni ìlà funfun gígùn kan, bí ẹni fi ẹfun fa ilẹ̀. Bí ó bá ṣí fún 1/500, bọ́ọ̀lù á rin sẹ̀ǹtímítà 4 péré, ìyẹn ìwọ̀n ara rẹ̀. Ní 1/1000, ó di 2. Ọwọ́ eléré ò yára tó bọ́ọ̀lù, nítorí náà ní 1/500, ọwọ́ á mọ́, ojú á mọ́, bọ́ọ̀lù nìkan ló máa fà díẹ̀. Ìyẹn sì dára, ó ń fi hàn pé eré ń lọ.

Èwo nínú iye wọ̀nyí ni kámẹ́rà máa ń yàn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi í sórí Auto nínú gbọ̀ngàn tí kò mọ́lẹ̀? 1/60 ni, tàbí èyí tó tún lọ́ra jù ú lọ. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé ẹnì kan ń fò. Ó rò pé ẹ ń ya ọlọ́jọ́ìbí tó dúró ti àkàrà òyìnbó. Ìwọ tó dì í mú lo yẹ kó mọ̀. Ẹ yí i sí M, tàbí S lórí Nikon, tàbí Tv lórí Canon, kí ẹ sì fi agídí mú 1/500. Níbi tí shutter wà lọ́wọ́ Auto, kò sí kámẹ́rà olówó gọbọi tó lè gbà yín.

Ẹ óò ní: “A ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò sì dúdú bí ìdí ìkòkò.” Òótọ́ ni. Bí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé bá kúrú, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ san gbèsè náà. Méjì ló wà tó lè san án: ihò lẹ́ǹsì, àti ISO.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ihò lẹ́ǹsì, torí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù. Lẹ́ǹsì tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá, 18-55, kì í lè ṣí ju f/5.6 lọ bí ẹ bá ti fà á dé 55. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 kì í fà, kì í sún, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ fẹ̀. Ẹ fi 5.6 pín sí 1.8, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ óò rí 9.7. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú lẹ́ǹsì kékeré yẹn wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì. Gbọ̀ngàn tó fún yín ní 1/60 pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá á fún yín ní 1/500 pẹ̀lú 50mm, láì yí ISO padà rárá. Kámẹ́rà kan náà, gbọ̀ngàn kan náà, gílóòbù kan náà. Ẹ wá sọ fún mi pé kámẹ́rà ló ṣẹ̀.

Síbẹ̀, mo mọ àwọn tó ta kámẹ́rà wọn kí wọ́n lè ra èyí tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, tí wọ́n sì tún fi lẹ́ǹsì f/5.6 kan náà sí i lẹ́nu. Ẹni tó ra mọ́tò tuntun tó tún gbé táyà jíjò ti àtijọ́ sí i, a ò ní bá a dárò lọ́nà.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ Canon onídígí irú 600D tàbí 1100D, 50mm f/1.8 èyíkéyìí ti EF máa bá a ṣiṣẹ́, ti àtijọ́ o, STM tó jáde ní 2015 o. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Nikon kékeré, irú D3100 tàbí D3200, kò sí mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì nínú ara rẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8D tí ẹ máa rí lówó pọ́ọ́kú kò ní lè mú focus fúnra rẹ̀ lórí wọn. Èyí tó ní AF-S lára orúkọ ni kí ẹ wá, bíi 35mm f/1.8G. Ọ̀pọ̀ ló ti ra ti àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n wá ń pariwo pé lẹ́ǹsì bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Wọn ò béèrè ni.

Ó kan ISO. Ẹ̀rù ISO tó ń ba àwọn ayàwòrán wa jọ ẹ̀rù tí iwin ń dá ba ọmọdé. Wọ́n ti gbọ́ níbì kan pé bí ISO bá ga, fọ́tò á ní èérún, nítorí náà wọ́n so ó mọ́ 400, wọ́n sì gbà kí fọ́tò fà bàìbàì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èérún ṣeé dín kù, bàìbàì ò ṣeé wò sàn. Àwọn kámẹ́rà tí mo dárúkọ wọ̀nyí lè dé 3200 láìsí wàhálà, òmíràn dé 6400. Ẹ yà á ní RAW, kí ẹ gbé e sínú darktable, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì dín èérún rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó máa bá yín wá ojú ẹni tó ti di ìlà mẹ́ta padà. Fọ́tò tó ní èérún jẹ́ fọ́tò. Fọ́tò tó fà jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ wà níbẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa náà wà níbẹ̀, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Ògiri ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa funfun, fèrèsé sì wà lẹ́yìn eléré. Kámẹ́rà tó wà lórí Auto á rí gbogbo funfun yẹn, á sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ògiri á dára, ojú ọmọ ènìyàn á di èédú. Bí ẹ bá wá fi kọ̀ǹpútà gbé òkùnkùn ojú yẹn sókè, èérún ni ẹ ó kó wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní M. Iná gbọ̀ngàn kì í yí padà bíi ti oòrùn. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí ojú eléré lẹ́ẹ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri funfun jù bó bá wù ú. A ò wá ya ògiri.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà àbùjá tiwọn: fíláàṣì. Mi ò ní purọ́ pé fíláàṣì kò lè mú ìṣípòpadà dúró. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí mànàmáná wá kọ lójú rẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gbà á láyè ní ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá tẹnísì orí tábìlì àti bádímíńtọ̀n. Níbí, ayàwòrán á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, á máa yìnbọn ìmọ́lẹ̀, bí eléré bá sì kó ojú jọ, ayàwòrán á bínú. Yàtọ̀ sí èyí, fíláàṣì kékeré orí kámẹ́rà ò lè dé ọ̀nà jíjìn, ó máa ń sinmi kó tó tún kọ, ó sì máa ń sọ ojú òógùn di gíláàsì. Ẹ pa á. Bó bá ṣe pé ìgbéyàwó lẹ ń yà, a jẹ́ pé ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù nìkan, ẹ má bínú kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Fóònù Tecno tàbí Infinix yín ń tan yín jẹ nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá lo ipò alẹ́ rẹ̀, àwòrán púpọ̀ ló ń yà tó ń tò lé ara wọn. Ẹni tó dúró á dára, ẹni tó ń fò á di mẹ́ta. Ẹ wá ipò Pro bó bá wà nínú tiyín, kí ẹ fi shutter sí 1/500, kí ISO gòkè. Ẹ má fi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́ yín. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi súnmọ́ eléré. Bí Pro ò bá sí, ẹ dúró de ìgbà tí ara bá dúró, bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí.

Ara tó ń fò máa ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fò sókè láti lu bọ́ọ̀lù fọlibọ́ọ̀lù á dé ibì kan tí kò ti ní gòkè mọ́, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ṣe físíìsì: nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé ìgbà yẹn, sẹ̀ǹtímítà 5 péré ni ara fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò wà. Ní ibẹ̀, 1/250 tilẹ̀ lè tó fún ojú àti àyà. Ayàwòrán tó mọ eré á ti mọ̀ pé ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè ti wo apá òsì, á ti yí kámẹ́rà síbẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ lù ú tó fò. Èyí tí kò mọ eré á máa sáré lé bọ́ọ̀lù kiri, ẹ̀yìn orí ló sì máa ń bá. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ya eré kan dáadáa, ẹ kọ́kọ́ jókòó wo odidi ìdíje kan láì gbé kámẹ́rà dání. Ẹ̀kọ́ yẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ẹ dúró sí náà ṣe pàtàkì. Fún tẹnísì orí tábìlì, ẹ jókòó sílẹ̀ ní igun, lẹ́yìn ẹni kan, kí ẹ máa wo ẹni tó wà ní òdìkejì lójú. Fún fọlibọ́ọ̀lù, ẹ wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń fò lè ga lójú fọ́tò. Ẹ fi focus sí AF-C lórí Nikon, AI Servo lórí Canon, kí ẹ lo àmì àárín nìkan, kí ẹ sì gbé e lé ojú tàbí àyà eléré. Ẹ ṣọ́ra, torí ihò f/1.8 kì í dárí jini. Lórí àwọn kámẹ́rà kékeré wọ̀nyí, bí eléré bá wà ní mítà 3 sí yín, bíi sẹ̀ǹtímítà 25 péré ló máa mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní mítà 5, ó máa tó 65. Bí focus bá lọ sára nẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀tì lẹ yà.

Ọ̀kan tó kù nínú àdánwò gbọ̀ngàn wa ni iná fúnra rẹ̀. Iná NEPA ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù gígùn onífúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ń tàn, ó sì ń wálẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa ò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń ya 1/500 rí i. Ìdí nìyí tí fọ́tò kan fi máa mọ́lẹ̀, tí èyí tó tẹ̀lé e á ṣókùnkùn tàbí kó pọ́n bí epo, láì ṣe pé ẹ yí ohunkóhun padà. Kámẹ́rà ò ya wèrè. Ẹ ya mẹ́ta mẹ́rin léra wọn, ẹ ó rí ọ̀kan mú. Bí ìdíje bá sì wáyé lọ́sàn-án, ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, torí oòrùn kì í ṣẹ́jú.

Fèrèsé ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olùṣètò, torí bí ọwọ́ ọmọdé ò ṣe tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ayàwòrán ní ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ̀yin náà ní tiyín. Ẹ lọ wo ààfin Ọlọ́wọ̀. Àwọn àgbàlá tí ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ùghà kún inú rẹ̀, ojú ọ̀run sì ń wọ inú wọn. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé ìpàdé ènìyàn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Àwa wá kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, a fi kọ́tìnì tó nípọn bo gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí pé ó bá àwọ̀ báńà mu, a tan gílóòbù mẹ́rin, a sì pe eléré méjìlá sínú òkùnkùn yẹn. Ẹ ká kọ́tìnì. Ẹ gbé tábìlì kúrò lábẹ́ gílóòbù tó ti jó, kí ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kí oòrùn má kọ eléré lójú. Ẹ fún ayàwòrán ní àyè kan lórí ilẹ̀, lẹ́yìn ìlà, níbi tí kò ti ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, dípò tí ẹ fi ń lé e sẹ́yìn àga àwọn àlejò pàtàkì. Owó tí ẹ fi tẹ báńà kan ṣoṣo, tí ẹ máa ká lálẹ́ ọjọ́ kan náà, á ti dín iye tí ẹ ó fi ra lẹ́ǹsì 50mm tòkunbọ̀ kù gan-an.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá mi lóhùn pé àwọn tó ń ya Òlíḿpíìkì ò lo kámẹ́rà tòkunbọ̀. Òótọ́ ni. Kámẹ́rà wọn lè ya fọ́tò 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí tiwa ń ya 3, lẹ́ǹsì wọn sì gùn bí apá. Bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní irú rẹ̀, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn ń ya ohun tí ẹni tó dì í mú bá mọ̀ ni. Ní 1950, J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tí kò jìnnà sí agbègbè Ọ̀sẹ́, ra kámẹ́rà Brownie D kékeré kan tí kò ní fíláàṣì. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ́ òun ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ló wá ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó tó ẹgbẹ̀rún fọ́tò, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n kó tó kú ní 2014. Kò dúró de kámẹ́rà ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ní Rufus Giwa Polytechnic, ó ní Achievers University. Ìlú tó ní irú ilé ẹ̀kọ́ méjì báyìí, tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ibi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kò yẹ kó máa wá ẹni mẹ́wàá tó lè ya fọlibọ́ọ̀lù kó mọ́. Ìlú tí àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti mọ amọ̀, tí wọ́n ti gbẹ́ eyín erin débi tí àwọn ilé ọnà ayé fi ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní, kò yẹ kó máa fi bàìbàì ṣe ìtẹ́lọ́rùn.

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá owó ra lẹ́ǹsì f/1.8 kan, kí ó jẹ́ ti gbogbo wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ ya ìdíje yá a kó sì dá a padà. Kí ẹ̀yin alumni tó máa ń béèrè pé kí ni ẹ lè ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ yín fi lẹ́ǹsì kan ránṣẹ́ dípò kàlẹ́ńdà. Kí ẹni tó bá ya fọ́tò kọ orúkọ eléré, ọjọ́, àti eré náà sí i, kó sì tọ́jú fáìlì rẹ̀ síbi tí kò ní sọnù, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ títí yóò fi rù. Kí ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí eléré kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò pàtàkì.

Bí ìdíje tó ń bọ̀ bá dé, tí kámẹ́rà yín ṣì wà lórí Auto, tí fíláàṣì ń kọ, tí ẹ sì tún ní kámẹ́rà ni ò dáa, ẹ má retí kí ẹnikẹ́ni nínú wa bá yín kẹ́dùn. A ti ṣírò rẹ̀ fún yín. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́wàá wà nínú lẹ́ǹsì kékeré kan tó lè wọ àpò ṣòkòtò. Ẹ lọ mú un, ẹ jókòó sílẹ̀ ní igun, kí ẹ jẹ́ ká rí ojú àwọn ènìyàn wa.